Idà ike ni, kí ló tún kù tó lè ṣeni léṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, Lánlátẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Àwa ọ̀dọ́ kan la jọ ń ṣe eré orí ìtàgé níbí. Àwọn kan nínú wa ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílùú wa, àwọn yòókù ti jáde. À ń múra láti ṣe Kurunmi, eré tí Ọlá Rótìmí kọ. Idà igi tí káfíńtà gbẹ́ fún wa la fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń là, ó sì ń yọ ẹ̀gún. Láìpẹ́ yìí, bí a bá ti ṣe ìdánrawò eré tán, a máa ń dúró kí àwa kan fi idà bá ara wa fà á, láìtò ó ṣáájú, kí á mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi idà kan ẹnì kejì. Nínú fídíò la ti rí i pé wọ́n sọ ọ́ di eré ìdárayá nílẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀kan nínú wa ní àǹtí kan ní London tó fẹ́ ra idà ike méjì fún wa. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti dé. Àwọn kan ní níwọ̀n bó ti jẹ́ ike, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, pé èyí tó bá rọ̀ jù lọ ni ká rà, ká má fi owó ìbòjú da ara wa láàmú. Àwọn mìíràn ní irin tí kò mú ló dára jù, pé òun ni wọ́n ń lò nínú fíìmù. Ẹ jọ̀wọ́, irú èwo ni ká rà, báwo la ó sì ṣe máa lò ó?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ó dùn mọ́ mi pé ẹ bèèrè kí egungun ẹnikẹ́ni tó kán. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín rèé: ẹ mọ̀ pé ohun tó ń bani lẹ́rù lára idà ni pé ó ń gé nǹkan. Tí a bá wá fi ike ṣe é, tí kò lè gé ẹ̀fọ́ pàápàá, kí ló kù lára rẹ̀ tí èèyàn á fi máa wá ìbòjú kiri? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀pọ̀ òṣèré tí mo ti kọ́ ní ìjà orí ìtàgé ló ti bi mí bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí àǹtí ra idà ike, kó jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ níwọ̀nba bí a bá fi gún nǹkan, kó má jẹ́ èyí tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó ra idà, kó kọ́kọ́ ra ìbòjú. Gígé nìkan ni ike mú kúrò lára idà. Lílù wà níbẹ̀ síbẹ̀, gígún náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo àtòrì. Nígbà ọdún Ògìyán ní Ẹ̀jìgbò, apá kan ìlú a máa fi àtòrì na apá kejì. Eré ọdún ni, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àtòrì ń tẹ̀, kì í ṣẹ́ wẹ́wẹ́ sí èèyàn lára, kò sì ní ojú tó ń gé nǹkan. Síbẹ̀ ẹni tó bá ti jẹ àtòrì rí kò ní sọ fún yín pé ohun tí kò mú kì í dunni. Eré irú èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré yín pé àṣà òyìnbó lẹ gbé dé. Ìjàkadì tí à ń pè ní ẹkẹ, eré ni, ẹ̀kọ́ ìjà sì ni. Kí ọ̀rẹ́ bá ọ̀rẹ́ jà kí àwọn méjèèjì lè gbọ́n sí i, ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí idà ike bá bà yín. Idà ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láyé àtijọ́ máa ń wúwo tó nǹkan bíi kìló kan. Púpọ̀ nínú ọlọ́wọ́ méjì máa ń wà láàárín kìló 1.2 sí 1.5. Idà ike fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí apá bá fì í, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń sáré jù nínú gbogbo ara rẹ̀, eré yẹn ló sì ń sọ ìwúwo kékeré di ẹgba ńlá. Bó bá balẹ̀ sí èjìká, ara á wú. Bó bá balẹ̀ sí ìka tó di èèkù idà mú, ìka náà kò ní ibi tó máa sá sí. Iwájú rẹ̀ ni ẹgba ti ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èèkù wà, àárín méjèèjì ni egungun ti ń kán. Ìka ló sábà máa ń farapa nínú eré yìí. Ike kò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Gígún ló tún burú jù. Nígbà tí ẹ bá ṣá ara yín, ẹgba náà pín kiri ojú idà. Nígbà tí ẹ bá gún ara yín, gbogbo agbára ọwọ́ àti ìwúwo ara tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kó jọ sí ibi kan ṣoṣo tí kò ju èékánná lọ. Bí ibi yẹn bá jẹ́ gògóńgò tàbí ẹyinjú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ike àti igi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí idà náà máa tẹ̀. Bí ṣóńṣó bá kan àyà ẹnì kejì, tí ojú idà sì tẹ̀ bí ọrun, apá kan nínú agbára yẹn ti bá títẹ̀ lọ. Èyí tó le gbagidi kò ní tẹ̀. Egungun ìhà ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ní kí ẹ ra èyí tó rọ̀ jù lọ ti rí apá kan òtítọ́ nígbà náà. Apá tó kù ni pé idà tó rọ̀ jù kì í dúró níbi tí a bá ti dí i. Ìwọ á gbé idà tìrẹ sókè láti gba orí rẹ là, wà á sì gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n ìdajì idà ẹnì kejì á fì kọjá lórí tìrẹ, á sì nà ọ́ létí tàbí ní ìpàkọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dí á wá jẹ ìyà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Irú idà bẹ́ẹ̀ tún ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èké, nítorí kò sí idà gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí idà bá dé, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ dì í mú, ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, kó sì na padà gbọnrangandan bí ẹ bá sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fì í sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ dá a dúró lójijì. Bó bá ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró, ó rọ̀ jù. Kí ṣóńṣó rẹ̀ rí róbótó, kó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò ó kéré tán, kó má baà lè gba ojú asẹ́ ìbòjú kọjá.

Ní ti irin, ẹ fi sílẹ̀ fún báyìí. Òótọ́ ni pé irin ló ń ṣe bí idà gidi jù. Ike máa ń ta kúrò bó bá kan ike ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, irin a sì máa di ara wọn mú díẹ̀, torí náà àwọn ọgbọ́n kan wà nínú fídíò tí ẹ̀ ń wò tí kò ní jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ pẹ̀lú ike. Ṣùgbọ́n irin kì í dárí jini. Ní July 1982, níbi ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Róòmù, Vladimir Smirnov, ọmọ Soviet tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi Òlíńpíìkì Moscow ní 1980, ń bá Matthias Behr ọmọ Jámánì jà. Idà Behr kán níbi tó ti fi gún un. Kùkùté tó ṣẹ́kù gba inú asẹ́ ìbòjú Smirnov wọlé, ó gba ojú rẹ̀ dé inú ọpọlọ. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀gá ni àwọn méjèèjì, ìbòjú wà lójú wọn, adájọ́ ìdíje wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti yí irú irin, aṣọ àti ìbòjú tí wọ́n ń lò padà. Bí irin bá lè ṣe èyí fún irú wọn, irin tí wẹ́dà bá fi sípíríǹgì mọ́tò lù fún yín ní Ẹ̀rúwà kò yẹ kó sún mọ́ ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì má fi ti fíìmù ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Jagun Jagun tó jáde ní 2023 àti House of Ga'a ti 2024, ẹ rí bí idà ṣe ń fò. Ìjà tí a ti tò ni. Òṣèré mọ ibi tí ẹgba kejì àti ìkẹta ti máa wá, ó mọ ìgbà tó máa tẹ̀ ba, ẹnì kejì rẹ̀ sì mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ kàn án. Nínú ohun tí ẹ̀yin ń ṣe lẹ́yìn ìdánrawò, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀, gbogbo yín lẹ sì fẹ́ kàn ara yín. Ohun èlò méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí idà igi wà fún ìtàgé, kí káfíńtà tún un gbẹ́ kó sì yọ́ ọ dán. Yóò tún jọ idà ilẹ̀ wa ju ike lọ, nítorí idà tí àǹtí máa rí rà, ti Yúróòpù tàbí ti Jàpáánù ni. Kò jọ agẹdẹngbé, kò sì yẹ lọ́wọ́ ọmọ ogun Ìjàyè inú eré yín, tó jà láàárín 1860 sí 1862.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ike fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó yín wà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan ni náílọ́ọ̀nù, ike líle tí wọ́n tún fi ń ṣe eyín jíà kéékèèké, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí. Èkejì ni polypropylene. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ rà, ẹ fi abẹ fá èérún kékeré kan lára rẹ̀, ẹ jù ú sínú omi, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ lè kúrò. Bó bá léfòó padà, polypropylene ni tàbí ìbátan rẹ̀. Bó bá rì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Nínú méjèèjì, èmi fara mọ́ náílọ́ọ̀nù fún ìjà ìdánrawò, torí ó máa ń tẹ̀ kó sì na padà dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í tètè hó.

Àwọn méjèèjì ní ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, ojú ọjọ́ agbègbè Ìbàràpá yín sì ní ohun náà. Polypropylene ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àga ike tí a ń háyà fún ìnáwó. Ẹ ti rí i rí: àga tuntun gba ẹni tó sanra, kò dún. Àga tó ti pẹ́ nínú oòrùn fún ọdún mélòó kan, ọmọdé jókòó lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Oòrùn ló jẹ ẹ́. Oòrùn kan náà yóò jẹ idà yín bí ẹ bá ń sá a síta. Náílọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò, ó máa ń rọ̀ díẹ̀, ó sì ń gba ìyà. Lásìkò ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń sán, òun náà ń gbẹ, ó ń le, ó sì lè kán. Láti December títí di February, ẹ máa rẹ ojú idà náà sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nu irin tó bá wà ní èèkù rẹ̀ gbẹ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, ní ìdùbúlẹ̀ tàbí ní fífi kọ́. Bí ẹ bá fi í ti ògiri nínú ooru, á wọ́ dúró bẹ́ẹ̀.

Páìpù omi tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án fún eré yìí. Bó bá fọ́, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó mú bí àfọ́kù àwo.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí àǹtí, ẹ ní kó ra méjì tó dọ́gba ní gígùn àti ìwúwo, kó má baà sí ẹni tí idà rẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Fún ọlọ́wọ́ kan, kó má lé ní kìló kan. Náílọ́ọ̀nù kò ju nǹkan bí ìdá méje ìwúwo irin lọ, ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fi irin sí èèkù àti ìdí idà kó má baà dà bí ìyẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé e lé ìka kan, kó dúró gbọọrọ ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí iwájú èèkù. Red Dragon àti Blackfencer wà lára àwọn tó ń ta idà ike. Bí àǹtí bá ń kó o bọ̀ nílé, inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ló gbọ́dọ̀ wà. Wọn kò ní jẹ́ kó gbé e wọ inú bàálù, ike tàbí irin.

Ní ti ìbòjú, èyí tí wọ́n ṣe fún ìjà idà ni kẹ́ ẹ gbà, tó ní asẹ́ irin níwájú àti aṣọ nípọn tó bo ọ̀fun. Wọ́n máa ń kọ 350N tàbí 1600N sí i lára. 350N tó fún idà ike, 1600N ni ti àwọn tó ń fi irin díje lágbàáyé. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ asẹ́ rẹ̀ gidigidi. Bó bá wọlé tàbí bó bá ti dípẹtà, ẹ dá a padà. Ìpàkọ́ kò sí lábẹ́ ìbòjú yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rán bàtà bá yín fi awọ àti fóòmù ṣe ìbo kan tí yóò so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn tó sì le lórí ìka. Ti àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ohun kan tó le wà níwájú gògóńgò, kí aṣọ nípọn wà láyà.

Lílò rẹ̀ kò ní ìṣòro. Ẹ fi ìdajì eré bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fi idà kan ara yín, kí ẹ má máa na ara yín. Kí ẹnì kan máa dúró bí adájọ́, kí ọ̀rọ̀ "Ó tó!" sì jẹ́ òfin fún gbogbo yín, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Kó má sí gígún sí ọ̀fun, kó má sí lílu ìpàkọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn, orúnkún àti abẹ́. Ẹ yẹ idà wò kí ẹ tó jà àti lẹ́yìn tí ẹ bá jà tán. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń hó tó ń mú bí ayùn, ẹ fi sáńpépà yọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, kódà bí irun orí ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Sẹ́lótéèpù kì í wo idà sàn. Ẹni tí wọ́n bá sì lù lórí, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn ní Ẹ̀rúwà tàbí Igbó-Ọrà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kó lọ sùn ná.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu Ìgàngán ní June 2021, tí wọ́n sì pa èèyàn níbẹ̀, kò sí ará Ìbàràpá tó rí àwọn ọ̀dọ́ tó di idà mú nírọ̀lẹ́ tí àyà rẹ̀ kò ní já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kun ojú idà yín ní àwọ̀ tó tàn yòò, ẹ kó o sínú àpò bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ibikíbi, kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn àgbà àdúgbò, ààfin àti àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ibi tí ẹ ti ń ṣe ìdánrawò àti ọjọ́ tí ẹ ń ṣe é. Kí ẹ tiẹ̀ pè wọ́n wá wò ó.

Bí owó àǹtí kò bá wá tó idà méjì àti ìbòjú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbòjú ni kó kọ́kọ́ rà. Títí tí ìyókù yóò fi dé, ẹ máa bá ìjà tí ẹ ti tò fún eré Kurunmi lọ, kí ẹ sì dá èyí tí ẹ kò tò dúró láti òní lọ. Ìwọ tó o kọ̀wé yìí ni kó o kọ́kọ́ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.